Tòkunbọ̀ àti China: bojúbojú tá a fi dán áńpù wò ní Kubwa

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lálẹ́ Sátidé tá a fi áńpù méjì wéra ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rèé (áńpù ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà), mi ò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe nínú ẹ̀: "China: ohùn ẹ̀ gbẹ, bíi gààrí tí ò rí ṣúgà. Tòkunbọ̀: béèsì jinlẹ̀, ohùn àwọn obìnrin móoru, gángan ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ọ̀nà jìn síra wọn." Mo tiẹ̀ fàlà sídìí "ọ̀nà jìn" yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ síbì kan o, a máa padà bá a.

Kubwa la wà, apá ibi tó já sí Byazhin, ìjọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé wá sí Abuja, a ò pọ̀ jù, bí igba lé díẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá kún. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni títọ́jú lábù físíìsì ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan, ti sáùǹdì ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ iṣẹ́ Olúwa, wọn kì í sanwó fún un, ìgbà tí máìkì bá hu nìkan ni wọ́n máa ń rántí pé mo wà láyé, gbogbo orí á yí sẹ́yìn wò mí bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, mi ò ka ẹnjiníà o.

Àwọn ọmọdé ti ní gbọ̀ngàn tiwọn báyìí, áńpù kan ò lè gbé sípíkà ibi méjèèjì, la bá fẹ́ ra ìkejì. Méjì dé iwájú kọ́míìtì. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, òyìnbó ló ṣe é, wọ́n fi ránṣẹ́ láti Alaba l'Ékòó, ó wọ mọ́tò alẹ́, ó bọ́ sílẹ̀ ní Jabi láàárọ̀, ó wúwo débi pé ọmọ Hausa tó fi bárò tì í wọlé láti géètì sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé pèpéle. Tiransifọ́mà ńlá inú ẹ̀ ló ń wúwo bẹ́ẹ̀. ₦1,300,000. Ìkejì jẹ́ tuntun, ará China, irú tí wọ́n ń pè ní class D, ọwọ́ kan péré lo máa fi gbé e bí ìgbà tó o gbé àpò búrẹ́dì, ₦430,000. Àwọn tó ni ọjà méjèèjì gbà pé ká gbé e sọ́dọ̀ fọ́sẹ̀ bíi mélòó kan ká fi wò.

Lójú Bàbá Alága kọ́míìtì wa, ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ sí. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ti ń gbọ́ rédíò kí wọ́n tó bí mi, wọ́n gbé China yẹn sókè, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ohun tó bá fúyẹ́, fífúyẹ́ náà ni." Ó parí. Mi ò sì ní parọ́, èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Látorí mọ́tò dórí fíríìjì dórí áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n bá ti ní tòkunbọ̀ ni, ọkàn wa á balẹ̀, tí wọ́n bá ní China ni, a ti ń ṣírò ọjọ́ tó máa kú, bẹ́ẹ̀ fóònù tí mo fi ń tẹ èyí, China ló ti wá.

Kọ́míìtì ṣá ní ká gbọ́ méjèèjì kí ẹnì kankan má baà ní wọn ò gba tòun rò. Bí mo ṣe so wọ́n nìyí: míksà kan náà ló ń bọ́ áńpù méjèèjì, mo wá fi ṣéńjófà sáàárín àwọn àti sípíkà, ṣéńjófà tá a fi ń yí iná láti NẸ́PÀ sí jẹnẹrétọ̀ nílé gan-an ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó nídìí. Ṣéńjófà á kọ́kọ́ já ti àkọ́kọ́ pátápátá kó tó mú ìkejì, ẹnu áńpù méjì ò ní kanra wọn láé, torí tí wọ́n bá kanra wọn, ọ̀kan á jóná. Mo sì lo èyí tó máa yí pupa àti dúdú pọ̀, torí China tó wà lọ́wọ́ wa yìí, iná wà lára wáyà ẹ̀ méjèèjì, dúdú ẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀, ẹni tó bá so dúdú ẹ̀ mọ́ dúdú áńpù míì ti ra wàhálà.

Àwa mẹ́sàn-án la jókòó lẹ́yìn ìdánrawò akọrin lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi orin kan sí i, ti China ṣáájú. Mọ́mì Kọ́yà, tó ń darí àwọn akọrin wa, fún ojú pọ̀. Bọ̀dá Onígángan ní ó dà bíi pé wọ́n ki òwú bọ ẹnu ìlù. Mo dá orin dúró, mo yí nọ́ọ̀bù ṣéńjófà sí tòkunbọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ orin yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ò tíì parí tí Bàbá Alága fi dijú tí wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n!" Bọ̀dá Onígángan ní ẹran wà lára èyí. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni. Mo kọ ohun tí mo kọ yẹn, mo fàlà sí i.

Wọ́n ti lọ tán, mo ń ká wáyà, mo fi orin sílẹ̀ kó máa kọ lọ torí mi ò fẹ́ràn kí gbọ̀ngàn dákẹ́ tó bá ku èmi nìkan. Nọ́ọ̀bù ṣì wà lójú tòkunbọ̀. Mo na ọwọ́, mo pa tòkunbọ̀.

Orin ò dúró.

Mo tàn án, mo tún pa á. Orin ń bá tiẹ̀ lọ. Mo wá pa China, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tí mo tú ṣéńjófà, irin kékeré tó so nọ́ọ̀bù mọ́ inú ẹ̀ ló ti yọ̀, nọ́ọ̀bù ń yí lófìfo, inú ẹ̀ ò kúrò lójú kan. Torí mo máa ń dá orin dúró kí n tó yí i, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, China nìkan la gbọ́. China tó gbẹ bíi gààrí, China tí ẹran wà lára ẹ̀, China tí Bàbá Alága dijú fún, ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo jókòó sílẹ̀yílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe tàwọn tó kù, èmi ni, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lábù pé kí wọ́n yẹ wáyà wò kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Mo tún gbọ́ orin yẹn sórí mi bó ṣe dún, béèsì yẹn jinlẹ̀ lóòótọ́! Mo lè búra. Béèsì tí ò sí níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n dákẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀? Kí wọ́n ra tòkunbọ̀ wọn, kí n máa lo tòkunbọ̀. Àmọ́ ₦870,000 ló wà láàárín méjèèjì, owó ìkórè ni, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Kubwa wà nínú àwọn tó dá a. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá Bàbá Alága nílé, irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo ṣe àṣìṣe kan." Ara mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ka ohun tí mo kọ sínú ìwé fún wọn títí dórí gààrí, kí n tó wá sọ ti ṣéńjófà.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ṣé irọ́ la pa nígbà náà?"

Mo ní ẹ ò parọ́ sà, ẹ gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Etí kì í dá gbọ́ ọ̀rọ̀, ọkàn ló ń bá a gbọ́, ojú sì ti sọ fún ọkàn tipẹ́ pé èyí wúwo, èyí wọ́n, òyìnbó ló ṣe èyí. Mo sọ ti Floyd Toole àti Sean Olive fún wọn. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Harman l'Amẹ́ríkà nígbà yẹn, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, ní 1994 wọ́n mú 40 nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fún sípíkà mẹ́rin ní máàkì, ìgbà kan wọ́n ń rí èyí tó ń dún, ìgbà kan aṣọ dí i. Nígbà tí ojú ń rí, àwọn ńlá tó rẹwà kó máàkì lọ, kékeré tí owó ẹ̀ ò pọ̀ gba ìwọ̀nba. Nígbà tí aṣọ dí i, kékeré yẹn gbéra. Sípíkà ò yí padà, orin ò yí padà. Bàbá ní, "Àwọn tó ń ṣe sípíkà jẹun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ìyẹn ló tù wọ́n nínú, mo rí i lójú wọn. Wọ́n ní ká tún un ṣe, àwọn náà máa jókòó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka máàkì ẹnikẹ́ni sétí ìjọ.

Mọ́mì Kọ́yà ló sọ ọ́ ní tẹ́ẹ̀sì bojúbojú. Kíá làwọn ọmọdé ti mú un, wọ́n ń kọ "olórò ń bọ̀" kiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó pásítọ̀ sì ní kí wọ́n yéé kọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Mo ra ṣéńjófà tuntun. Kí a tó ṣe tẹ́ẹ̀sì, mo dá gbọ́ méjèèjì lójú kedere, lọ́tẹ̀ yìí mo yẹ̀ ẹ́ wò pé nọ́ọ̀bù ń ṣiṣẹ́. Mo kọ pé tòkunbọ̀ "ń mí", pé ó dà bíi pé ẹ̀mí wà nínú ẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra tọ́jú ìyẹn náà.

Bojúbojú àkọ́kọ́ bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Aṣọ ńlá tá a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìkórè ni mo ta síwájú pèpéle, mo wọ ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú áńpù méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ò ṣòro: wọ́n á gbọ́ Ìkíní, wọ́n á gbọ́ Ìkejì, wọ́n á wá gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó pamọ́, kí wọ́n sọ bóyá Ìkíní ni àbí Ìkejì. W. A. Munson àti Mark Gardner ti Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù l'Amẹ́ríkà, ti kọ nípa irú ẹ̀ ní 1950, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Wọn ò ní kó o sọ èyí tó dùn jù o. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ṣé o tiẹ̀ lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí tó ò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, dídùn wo lò ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi orí sọ ọ́ lásán á gba bíi 8. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni, 12 la sì fi ṣe ààlà.

Bọ̀dá Onígángan gba 13. Mọ́mì Kọ́yà gba 12. Ariwo ta! Bàbá Alága wò mí bíi pé, ṣé o rí ayé ẹ? Ara mi balẹ̀ díẹ̀ pàápàá, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, etí wa ò bàjẹ́. Mo wá bi Bọ̀dá Onígángan pé kí ni wọ́n gbọ́ gan-an, béèsì ni àbí ohùn, torí ẹni tó bá mọ nǹkan dáadáa á lè sọ ibi tó ti rí i. Olóòótọ́ èèyàn ni. Wọ́n ní, "Rárá o, ọwọ́ ẹ ni. Tó o bá yí i sápá ibí ó ń dún kà, tó o bá yí i sápá ọ̀hún ó ń dún kò." Onílù ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, ṣéńjófà ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ti Mọ́mì ni pé ìkan ń "jáde" ju ìkejì lọ. Mo fi ohùn 400 Hz sí i látorí fóònù, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo fi mítà wọn ẹnu wáyà sípíkà: China 4.00 volt, tòkunbọ̀ 4.60. Ó ju dB kan lọ díẹ̀, dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó. Mo ti fojú yí nọ́ọ̀bù áńpù méjèèjì sí àárín, bẹ́ẹ̀ àárín tèyí kì í ṣe àárín tọ̀hún. Ibí yìí gan-an ló máa ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta áńpù àtàwọn tó ń rà á pọ̀, torí tí nǹkan bá fi díẹ̀ báyìí ròkè, o ò ní gbọ́ ọ pé ó ròkè, wàá gbọ́ ọ pé ó dùn, ó mọ́, ó kún. Béèsì gan-an ló máa ń jàǹfààní ẹ̀ jù: láti 1933 ni Fletcher àti Munson yìí náà ti fi hàn pé etí wa ò gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa tí nǹkan bá rọlẹ̀, bó bá ṣe ń ròkè, ohùn ìsàlẹ̀ ń yára kún létí wa ju ohùn àárín lọ. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ ta ọjà kan fún ẹ, kó ṣáà yí i sókè díẹ̀ ni, wàá fúnra ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé béèsì jinlẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ Bọ̀dá Onígángan, ọmọ ọdún méjìlá, kò tiẹ̀ sí nínú àwọn tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá sípíkà, ó ní, "Bọ̀dá Ẹnjiníà, tó bá ti jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ máa ń pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi orin sí i." Mi ò mọ̀ o! Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹṣin kan wà ní Jámánì láyé ọjọ́un, Clever Hans ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó mọ ìṣirò, o bi í ní méjì àti mẹ́ta, á fi pátákò kilẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn wá wò ó, wọn ò rí màgòmágó kankan. Oskar Pfungst ló tú u fó ní 1907: tí ẹni tó ń bi í bá fúnra ẹ̀ ò mọ ìdáhùn, ẹṣin ò mọ nǹkan kan. Ó ti ń wo ojú àti ọrùn oníbèéèrè, tó bá ti dé iye yẹn, èèyàn á rọra gbé orí sókè díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin á dúró. Onítọ̀hún ò parọ́, ẹṣin ò parọ́. Ẹ lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin Durbar ní Kano, bí wọ́n ṣe ń fi itan lásán bá ẹṣin sọ̀rọ̀, ẹ ò ní bá mi jiyàn. Èmi ni mo di oníbèéèrè yẹn lẹ́yìn aṣọ.

Torí náà, mo yọ ara mi kúrò. Mègáàdì wa, ará Katsina, ló gba ipò mi. Kò mọ èwo ni tòkunbọ̀, kò sì kàn án, mo ti fi páálí bo áńpù méjèèjì, "1" àti "2" nìkan ló wà lára ṣéńjófà. Mi ò rí kọ́ìn lò, ta ló tún ń rí kọ́ìn l'Abuja báyìí, dáìsì lúdò àwọn ọmọ ló ń jù: tó bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, á yí i sí 1, tó bá jẹ́ 2, 4 tàbí 6, á yí i sí 2, á kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀. Kó tó dúró lójú kan, á kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀bù síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta kí kà àti kò dàrú pọ̀. Mo tún ohùn wọn ṣe títí mítà fi sọ 4.00 àti 4.03. Èmi náà jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gbọ́, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. A gba ọmọ yẹn náà wọlé, ó ti fi hàn pé ojú òun là. Alẹ́ méjì la fi ṣe é, NẸ́PÀ gbé iná lẹ́ẹ̀kan láàárín, a dúró dè wọ́n, mi ò fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa dún sí i.

Bàbá Alága 7. Èmi 9. Bọ̀dá Onígángan 8. Àwọn mẹ́rin míì wà láàárín 6 sí 10. Mọ́mì Kọ́yà tún gba 12.

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù. Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, fún ẹnì kan ṣoṣo ni. Tí èèyàn mẹ́jọ bá jókòó, tí gbogbo wọn ń fi orí sọ ọ́, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn ta 12, ó ń lọ sí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, bó ṣe jẹ́ pé tí gbogbo àdúgbò bá ta lọ́tírì, ẹnì kan á jẹ. Ọ̀nà àtimọ̀ ò ju pé kí òun nìkan tún un ṣe. Mọ́mì tún un ṣe, ó gba 7. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀mí ló gbé òun lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Inú Bọ̀dá Onígángan ò dùn. "Ṣé o fẹ́ sọ pé etí mi ò pé ni, èmi tí mo ń lulù láti kékeré?" Mo ní rárá o ẹ̀gbọ́n, àwọn tó jù wá lọ ti jókòó sórí àga yẹn. Ní 2010, ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa ìró kan, Claudia Fritz, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó àwọn ọ̀jáfáfá oníváólìn 21 jọ, wọ́n kó váólìn mẹ́fà fún wọn nínú yàrá tí iná ẹ̀ rọlẹ̀, mẹ́ta tuntun, mẹ́ta àtijọ́, Stradivari méjì wà níbẹ̀, váólìn olókìkí tí wọ́n ṣe ní Ítálì láyé àtijọ́, ọjà tí owó ẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Gọ́gùlù àwọn wẹ́dà ni wọ́n fi bo ojú wọn, wọ́n fi lọ́fínńdà sí ibi tí àgbọ̀n ń sinmi lé kí òórùn igi àtijọ́ má baà tú wọn fó. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, tuntun ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù, Stradivari kan ni. Wọn kì í ṣe ọmọ àná nídìí váólìn. Ó gbọ́, ó ní hẹ̀n. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gbogbo wa ti rò pé ó parí síbẹ̀, pé kò síyàtọ̀, ká ra China ká lọ sílé. Ló bá ku ìwé ọmọ kékeré yẹn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mègáàdì, mo ń fa máàkì. 16 nínú 16.

Mo tún un kà. 16. Kí èèyàn máa fi orí sọ ọ́ kó gba gbogbo ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú 65,536. Mo kọ́kọ́ fura sí mègáàdì, mo fura sí aṣọ, mo fura sí ihò tó wà lára aṣọ. Mo ní, ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n? Ó ní, "Kì í ṣe inú orin. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìkan ń kùn bí oyin tó há sínú agolo."

A pa fáànù. A pa gbogbo nǹkan. A lọ to etí sídìí sípíkà bí àwọn tó ń gbọ́ àṣírí, Bàbá Alága náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Ó ń kùn lóòótọ́, lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kùn. Mo fi áàpù fóònù wò ó, 100 Hz. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi: iná tiwa 50 Hz ni, tí áńpù oní-tiransifọ́mà bá sọ ọ́ di iná bátìrì, ó máa ń di 100, kapásítọ̀ ńláńlá inú ẹ̀ ló sì yẹ kó máa mú ìgbì yẹn tẹ́jú. Tí kapásítọ̀ bá ti gbẹ, bí ó ṣe máa ń gbẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ooru, ìgbì á yọ́ jáde sínú sípíkà. Tòkunbọ̀ ọlọ́lá wa ti darúgbó nínú. Ẹ ẹ̀ sì rántí ohun tí mo kọ, pé ó "ń mí", pé ẹ̀mí wà nínú ẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀? Mo gbọ́ àìsàn ẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹwà. Toole àti Olive náà rí irú ẹ̀, tí ojú bá ń rí sípíkà, kì í ṣe pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí ò sí nìkan, ìyàtọ̀ tó wà lóòótọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú máàkì wọn mọ́.

Gbàrà tí Bọ̀dá Onígángan mọ ibi tí wọ́n máa fetí sí, ó ní kí mègáàdì tún ju dáìsì. 15 nínú 16. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó wò mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé etí yín ò pé o.

Bàbá Alága ṣì ní ọ̀rọ̀ kan, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní bojúbojú ò sọ èwo ló máa pẹ́. Mo gbà fún wọn láìjanpata. Kò sọ ti ooru March, kò sọ ti ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́, China class D yìí, tó bá kú, pátákó ẹ̀ lódindi ni wọ́n máa ń pààrọ̀, ti tòkunbọ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ irin tí wọ́n fi ń jó léèdì lò lè tún un ṣe. Lọ́wọ́ kejì, wọ́n kọ 100 sí 240 volt sára China, nílé wa ní Kubwa tí iná máa ń já sí 170 lálẹ́, á rẹ tòkunbọ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ míì, ó sì yẹ ká rò ó lọ́tọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ ni pé "ó dùn jù" ni wọ́n á máa fi bo "mo rò pé ó máa pẹ́ jù".

Bó ṣe parí: kọ́míìtì fi ₦430,000 ra China fún gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé. Bàbá Alága wá na ọwọ́ sí àpò ara wọn, wọ́n fi kíkùn yẹn yọ owó lọ́rùn ẹni tó ni tòkunbọ̀, onítọ̀hún já a sí ₦900,000, Bàbá fi ta ìjọ lọ́rẹ fún gbọ̀ngàn ńlá. "Owó mi ni," wọ́n ní, "tàbí mo tún máa gba bojúbojú kí n tó ná an?" Ọmọ Ígbò kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rin, kíkùn lọ. Mo pe ọmọ yẹn padà, a tún ta aṣọ, mègáàdì ju dáìsì. Ó gba 9. Ó ní, "Wọ́n ti pa oyin yẹn."

Iwájú tòkunbọ̀ ni míksà mi wà báyìí, gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń wò ó, irin ńlá dúdú pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé méjì. Tí Mọ́mì bá gbé orin, tí gángan bá wọlé, mo tún máa ń gbọ́ ọ, béèsì yẹn jinlẹ̀, ohùn àwọn obìnrin móoru. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ. Tó bá ti pọ̀ jù, mo máa ń kọjú sí ògiri.